Wọ́n Fún Ọmọ Yín ní Public Administration ní Jos

 

Àwọn òbí kan wà tí inú wọn kì í dùn bí yunifásítì bá gbé orúkọ jáde. Ọmọ ní òfin lòun fẹ́ kọ́. Máàkì rẹ̀ kò tó ti òfin, wọ́n bá gbé e sí Public Administration. Bàbá á bi í pé, "Kí ni wọ́n ń fi ìyẹn jẹ? Ṣé akọ̀wé káńsù lo fẹ́ dà ni?" Màmá á ní kó gbà á bẹ́ẹ̀, kó ṣáà wọlé ná, bó bá di ọdún kejì kó wá bí yóò ṣe yí i. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló sì ń lo ọdún mẹ́rin nídìí ẹ̀kọ́ yìí bí èrò tó jókòó ní gáréèjì tó ń retí ọkọ̀ mìíràn. Àwọn ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, pàápàá àwọn tó jẹ́ pé Jos níbí ni wọ́n ti ń kàwé.

Apá méjì ni ẹ̀kọ́ náà ní. Èkíní ni ìlànà ìjọba: ohun tí ìjọba pinnu láti ṣe nípa ọ̀rọ̀ kan, tàbí tí ó pinnu pé òun kò ní í dá sí. Ta ni yóò san owó orí, èló ni yóò san, abúlé wo ni wọn yóò gbẹ́ kànga sí, èdè wo ni wọn yóò fi kọ́ ọmọ ní kíláàsì kìíní. Èkejì ni ìṣàkóso, ìyẹn iṣẹ́ ṣíṣe gan-an: gbígba òṣìṣẹ́, ètò ìṣúná, fáìlì, ìyẹ̀wé-owó-wò, ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́dún kìíní, ọmọ á gbọ́ nípa ìṣèlú, ọrọ̀ ajé àti ìgbé-ayé àwùjọ. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ìbílẹ̀, owó ìlú, òfin ìṣàkóso àti ìtúpalẹ̀ ìlànà ìjọba á tẹ̀lé e, kó tó wá kọ pírójẹ́ẹ̀tì lọ́dún kẹrin. Ìṣirò wà ńbẹ̀ o. Ẹni tó bá torí máàtì sá wá síbẹ̀ yóò pàdé rẹ̀ nínú statistics.

Ohun tí mo ní í sọ kò pọ̀. Ẹni tí ètò ìjọba bá bọ́ sí lọ́wọ́, àti ọ̀nà tí ó gbà ṣe é, ló máa ń pinnu bóyá yóò gbe ará ìlú tàbí yóò pa wọ́n lára. Ohun tó wà nínú ìwé kò tó èyí rárá. Èmi ò sì mọ ìlú tó fi èyí han ènìyàn gbangba bíi Jos.

Ẹ jẹ́ ká wo bí Jos ṣe di ìlú ìjọba. Tánńganran tí àwọn òyìnbó ń wà ní ilẹ̀ yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ló kó èrò jọ. Wọ́n bá Berom, Afizere àti Anaguta níbí. Hausa dé, Ìgbò dé, Yorùbá náà kò gbẹ́yìn. Ní ọjọ́ 27, oṣù karùn-ún, ọdún 1967, Yakubu Gowon tí í ṣe ọmọ Ngas láti orí òkè yìí kan náà pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12, Jos sì di olú-ìlú Benue-Plateau. Ìpínlẹ̀ tuntun ń wá akọ̀wé, ó ń wá ọ̀gá iléeṣẹ́, ó ń wá ẹni tó mọ̀wé tí yóò di fáìlì mú. Yunifásítì Ìbàdàn wá ṣí ẹ̀ka sí Jos ní 1971. Ní 1975 ẹ̀ka náà dá dúró, ó di Yunifásítì Jos. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ọmọ yín ni yunifásítì yìí. Ní 1976 ni wọ́n ya Plateau sọ́tọ̀ kúrò lára Benue. Ní 1996, Nasarawa náà tún jáde lára Plateau. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pín ìpínlẹ̀ báyìí ni wọ́n máa ń pín òṣìṣẹ́, mọ́tò, ilé àti gbèsè, àwọn tó kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí ló sì ń jókòó pín in.

Ní Kuru, tí kò jìnnà sí Bukuru, iléeṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní NIPSS láti 1979. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó àwọn ọ̀gá ológun, ọ̀gá ọlọ́pàá àti dáírẹ́kítọ̀ ìjọba jọ kí wọ́n wá fi oṣù púpọ̀ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìlànà ìjọba. Ẹni tó bá parí níbẹ̀ ni ẹ ń rí tó ń kọ mni sẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Àwọn ọ̀gá ń kọ́ ọ ní Kuru nígbà tí irun orí wọn ti funfun, ọmọ yín ń kọ́ ọ ní Yunifásítì Jos ní ọmọ ogún ọdún, ẹ tún ń bínú.

Ní tiwa ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, Yunifásítì Ifẹ̀ ló ṣáájú nínú ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú Institute of Administration rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adebayo Adedeji, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ló ṣe olórí ibẹ̀ kí Gowon tó mú un lọ sí Èkó ní 1971 láti wá bójú tó ètò ọrọ̀ ajé. Nígbà tí wọ́n dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀ ní 1973, Adedeji ló ṣe alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmọ Plateau buwọ́ lù ú, ọmọ Ìjẹ̀bú gbé e rìn. Nítorí èyí ni ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún fi ń sáré ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ní àgọ́ lórí òkè yìí, tí eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí kíláàsì. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní ọ̀pọ̀ ibi kò tẹ́ mi lọ́rùn. Wọn á fún ọmọ ní handout, ọmọ á há a sórí: Woodrow Wilson sọ báyìí ní 1887, Max Weber sọ tọ̀hún, Luther Gulick ka iṣẹ́ ọ̀gá sí méje. Ọmọ á kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìdánwò, á gba A, síbẹ̀ kò fojú kan fáìlì rí. Wilson àti Weber dára, n kò ní kí ẹ má kà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo fáìlì.

Lẹ́tà kan wọlé sí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀. Ará àdúgbò kan ló kọ ọ́, afárá wọn ti já. Akọ̀wé rẹ́jísírì á gbà á, á lu òǹtẹ̀ sí i, á kọ nọ́ńbà sí igun rẹ̀ lókè, á fi okùn so ó mọ́ fáìlì. Fáìlì á gòkè lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọ̀gá á kọ ọ́ sójú ìwé pé kí ẹ̀ka iṣẹ́ òde yẹ̀ ẹ́ wò. Fáìlì á sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀ka iṣẹ́ òde á kọ ọ́ pé àwọn ò ní mọ́tò tí àwọn yóò fi lọ wò ó. Fáìlì á gòkè. Ọ̀gá á bi akápò léèrè. Akápò á ní owó kò sí nínú ìṣúná ọdún yìí. Ọ̀gá á wá kọ lẹ́tà mẹ́ta sí i: KIV. Ká máa fojú sí i lára, ni wọ́n ní ó jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni fáìlì yóò ṣe sùn sínú kọ́bọ́ọ̀dù títí òjò ọdún mìíràn yóò fi dé. Kò sẹ́ni tó jí owó. Kò sẹ́ni tó rú òfin. Afárá ṣì já síbẹ̀.

Àwọn Amẹ́ríkà méjì, Jeffrey Pressman àti Aaron Wildavsky, fi irú ọ̀rọ̀ yìí kọ ìwé ní 1973. Ìjọba àpapọ̀ wọn gbé owó ńlá kalẹ̀ ní 1966 fún ìlú Oakland ní California, kí àwọn tí kò níṣẹ́ lè ríṣẹ́. Gbogbo ènìyàn ló fara mọ́ ọn. Ọdún mélòó kan kọjá, iṣẹ́ tó jáde níbẹ̀ kò tó nǹkan. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ka gbogbo ibi tí ẹnìkan ti gbọ́dọ̀ sọ pé òun gbà kí ètò náà tó lè kọjá: 70. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ká ní gbogbo ẹni tó wà níbi 70 náà ló fẹ́ràn ètò ọ̀hún, tó jẹ́ pé nínú ìgbà 100 wọn yóò fọwọ́ sí i nígbà 95. Ìrètí pé yóò kọjá lọ́wọ́ gbogbo wọn kò tó 3 nínú 100. Bí ọmọ yín bá mọ ìṣirò yìí dáadáa, yóò mọ ìdí tí ọ̀nà àdúgbò yín kò fi tíì jẹ́ ṣíṣe, kó tó di pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹnikẹ́ni.

Ẹ tún jẹ́ ká lọ sí Farin Gada, ọjà tòmátò. Ẹni tó bá débẹ̀ láàárọ̀ yóò rí apẹ̀rẹ̀ tòmátò, kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì tí wọ́n ń tò sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Mile 12 ní Èkó. Kí ọkọ̀ náà tó débẹ̀, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó di tíkẹ́ẹ̀tì mú yóò dá a dúró lójú ọ̀nà léraléra, ti ìjọba ìbílẹ̀ yìí, ti ìjọba ìbílẹ̀ yẹn, àti tàwọn tí ẹnì kankan ò mọ̀ wọ́n. Bẹ́ẹ̀ òfin ti jáde láti 1998 tó ka oríṣi owó tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà, ó sì sọ kedere pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dábùú ọ̀nà láti gba owó orí. Ìlànà wà. Ta ni kò ṣe é? Alága káńsù tó ń wá owó oṣù fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni, àbí agbowó tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún lọ́nà àgbàṣe, tó jẹ́ pé iye tó bá gbà lọ́nà ni yóò fi jẹun, àbí awakọ̀ tó rí i pé sísan owó náà yá ju jíjiyàn lọ, kí tòmátò òun má bàa rà? Ọmọ tó bá lè fi ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀lé ọkọ̀ tòmátò kan, kó kọ orúkọ gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún un sílẹ̀, pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yóò wúlò fún gómìnà.

Mo fẹ́ bọ́ sí ibi tó le báyìí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ní 1991, ìjọba Ibrahim Babangida pín ìjọba ìbílẹ̀ Jos sí Jos North àti Jos South. Lójú ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀, ìlà lásán ni wọ́n fà sórí máàpù. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ onílẹ̀ rí i pé ìlà náà mú àárín ìlú kúrò lọ́wọ́ àwọn. Àwọn Hausa tí bàbá wọn àti bàbá bàbá wọn ti gbé ìlú náà rí i pé ó tó àkókò tí àwọn náà yóò jẹ nínú ohun tí àwọn bá wọn kọ́. Ní 1994, ìjọba ológun yan Hausa kan ṣe olórí ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó Jos North. Ìfẹ̀hónúhàn dé, ìjà bẹ́, wọ́n sun apá kan ọjà.

Ó tún di 2001. Ìjọba Olusegun Obasanjo ti dá ètò kan sílẹ̀ láti dín òṣì kù, NAPEP. Ètò náà ló gbé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta jáde fún àwọn ọ̀dọ́, òun náà ni a ṣì ń pè ní Kẹ̀kẹ́ NAPEP, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ̀ láti Terminus lọ sí Farin Gada títí dòní. Wọ́n ní láti yan olùdarí ètò yìí fún Jos North. Iṣẹ́ táńbìlì àti àga ni, pípín fọ́ọ̀mù àti ṣíṣe àkọsílẹ̀ àwọn tálákà. Hausa ni wọ́n yàn. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ní àwọn ò gbà. Àwọn Hausa ní kí ló dé tí ipò náà kò fi lè jẹ́ ti àwọn. Àríyànjiyàn náà gbóná fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 7, oṣù kẹsàn-án, ìjà kékeré kan ṣẹlẹ̀ nítòsí mọ́ṣáláṣí kan, ìlú bá gbiná. Human Rights Watch kọ ọ́ pé àwọn tó kú láàárín ọjọ́ díẹ̀ yẹn sún mọ́ 1,000. Mùsùlùmí kú, Krístẹ́nì kú, ẹni tí kò mọ ohun tí NAPEP jẹ́ kú.

N kò sọ pé ìyànsípò kan ló fa gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀sìn wà níbẹ̀, ìbò wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tánńganran tó ti kú tó sì fi àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ láìníṣẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó buwọ́ lu ìwé ìyànsípò náà ka iṣẹ́ rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù. Kò bi ara rẹ̀ pé lọ́wọ́ ta ni ìlú yìí yóò ti rí i pé ètò náà wá, ta ni yóò sì rò pé wọ́n ti gbé ìlú òun fún ẹlòmíràn. Ìbéèrè yìí wà lára ẹ̀kọ́ ọdún kẹta. Wọ́n tún jà nígbà ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2008. Ọmọ Abẹ́òkúta, Ọmọọba Bola Ajibola, tó ti ṣe adájọ́ ní ilé ẹjọ́ àgbáyé ní The Hague, ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ olùwádìí ti ìpínlẹ̀. Adájọ́ Niki Tobi ló ṣe ti 2001. Ìjábọ̀ pọ̀ nílẹ̀. Àwọn tó mú un ṣẹ ni kò pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ yìí kan àwa Yorùbá Jos gan-an. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí iṣẹ́ ìjọba kárí gbogbo ìpínlẹ̀, èrò tó dára ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin ilẹ̀ wa ń ṣàlàyé ẹni tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan, ó ní ẹni tí bàbá, ìyá, tàbí òbí àgbà rẹ̀ bá ti inú ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ náà wá ni. Nítorí náà ọmọ tí wọ́n bí ní Jos, tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ ní Jos, tó jẹ́ pé Hausa ló fi ń ṣépè bí inú bá ń bí i, yóò wọ mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ níwájú akọ̀wé tí kò mọ̀ ọ́n rí. Kí ni kí wọ́n fi rọ́pò ìlànà yìí? Àwọn kan ní ká wo iye ọdún tí ènìyàn ti gbé ìlú tó sì ti san owó orí. Àwọn mìíràn ní tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ẹ̀yà kéékèèké yóò pàdánù ilẹ̀ wọn fún ẹni tó pọ̀ jù wọ́n lọ. Èmi fara mọ́ tàkọ́kọ́, ṣùgbọ́n tèkejì kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, ó sì yẹ kí ọmọ yín lè gbèjà méjèèjì kó tó yan ọ̀kan.

Àwọn àgbà wa sì ti rí i ní Gánà, bí ìwé ìjọba ṣe lè sọ ẹni tó ti kọ́lé sí ìlú di àlejò. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba ibẹ̀ ní kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà àti Ọ̀fà tí wọ́n ti kọ́lé sí Kumasi àti Tamale fi ọjà sílẹ̀. Olórí ìjọba nígbà náà, Kofi Busia, kì í ṣe púrúǹtù: ọ̀jọ̀gbọ́n ni, ìmọ̀ nípa àwùjọ ènìyàn ló sì fi gbayì.

Ó kù díẹ̀ tí mo fẹ́ sọ fún ọmọ tó ti wọlé. Fọwọ́ gidi mú statistics. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1976, bíi mílíọ̀nù 2.3 ọmọ ni wọ́n retí ní kíláàsì kìíní. Bíi mílíọ̀nù 3 ló wá. Iye àga kò tó, iye tíṣà kò tó, nítorí pé ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀ kò péye. Kọ́ Hausa, kó o lè bá ará ọjà àti akọ̀wé káńsù sọ̀rọ̀ láìsí ògbufọ̀. Bó o bá jáde, ìpele kẹjọ ni oníwèé yunifásítì ti ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, bó bá ríṣẹ́. N kò lè ṣèlérí ìyẹn fún ọ. Àwọn àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba, báńkì àti iléeṣẹ́ ìwádìí náà ń wá ẹni tó lè ka ìṣúná kó sì sọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ní ti pírójẹ́ẹ̀tì, má kọ "Ipa ìjọba ìbílẹ̀ nínú ìdàgbàsókè" mọ́, wọ́n ti kọ ọ́ títí. Ní ọjọ́ 11, oṣù keje, 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn, kí gómìnà má dá a dúró. Mú káńsù kan ṣoṣo, kó o wo ohun tó yí padà níbẹ̀ àti ohun tí kò yí. Wọn á sọ fún ọ pé àṣírí ìjọba ni ìwé ìṣúná. Òfin òmìnira ìròyìn wà láti 2011, ó sì fún wọn ní ọjọ́ 7 láti dá ọ lóhùn. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ ọ́ ní 2025 pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú, nínú ẹjọ́ kan tó ti Ẹdó wá. Kọ lẹ́tà rẹ sí akọ̀wé káńsù ní ẹ̀dà méjì. Sọ orúkọ ìwé tó o fẹ́ àti ọdún rẹ̀, má kọ "gbogbo ìwé owó". O kò ní láti sọ ìdí tó o fi fẹ́ ẹ. Jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tìrẹ, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, kó o tó kúrò nídìí káńtà.